Iná Kan, Iṣẹ́ Méjì: Owó Tó Ń Bá Èéfín Jẹnẹrétọ̀ Lọ ní Ore

Ó le kú, ìjà Ore! Ọ̀rọ̀ yìí ti di àṣà lẹ́nu tonílé tàlejò láti oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra tí wọ́n dojú kọ ìlú Èkó dé Ore, tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì dá wọn dúró níbẹ̀. Ogun yẹn ti parí láti ọdún 1970. Ìjà mìíràn ni ará Ore àti ará Odigbo ń jà lálaalẹ́ báyìí. Ìjà iná mànàmáná ni.

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Ore nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí Nẹ́pà kò mú iná wá, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ti dé. Jẹnẹrétọ̀ níwájú, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn. Ti onígẹ̀run ń pariwo lọ́tùn-ún, ti ìyá ẹlẹ́ja tútù ń dá a lóhùn lósì, ti ilé oúnjẹ tí àwọn ọkọ̀ Èkó sí Bìní máa ń dúró sí ń bú ramúramù ní ọ̀ọ́kán. Kékeré tí wọ́n sọ lórúkọ ní “Ai bẹ́tà pàsì mai néíbọ̀” ni ohùn rẹ̀ tún máa ń ga jù, bí ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n gbàgbé òun nídìí oúnjẹ.

Kì í ṣe afẹ́ ló gbé jẹnẹrétọ̀ dé ọwọ́ wọn. Ẹja tó bá rà, owó ló rà. Aṣọ tí télọ̀ kò rí lọ̀ kí ọjọ́ ìnáwó tó pé, ẹjọ́ ló dà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra bẹntiróòlù bi ara rẹ̀: nínú owó tí mo ń dà sínú táǹkì yìí, èló ló ń di iná, èló ló sì ń bá èéfín lọ?

ÈLÒ NI WỌ́N Ń RÀ Á?

Kí ó tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà ní ilé epo púpọ̀. Ọjọ́ náà ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo mọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan ti kọjá 500 náírà. Ní ìparí ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà. Ẹni tó ń ra lítà mẹ́wàá lójúmọ́, ẹ fọkàn ṣírò ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Àwọn kan ní ìlú púpọ̀ ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, bíi Òkìtìpupa, Ìgbókòdá àti Ìrèlè, lo ọ̀pọ̀ ọdún láìfojú kan iná ìjọba rárá. Ohun tó wá ń dun ni jù ni pé ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè iná kò jìnnà síbẹ̀. Ní Omotosho, lójú ọ̀nà Ore sí Bìní, ìjọba ṣí ilé-iṣẹ́ iná tó lè pèsè 335 mẹgawáàtì ní ọdún 2007. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún kọ́ ìkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tó tó bí 450 mẹgawáàtì. Àwọn àgbà ní ẹni tó wà lẹ́bàá odò kì í fi itọ́ bọ́jú. Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá Omotosho ti fi itọ́ bọ́jú títí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ọ̀rọ̀ Omotosho yóò tún padà wá nísàlẹ̀, nítorí àṣìṣe tí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé ń ṣe, ẹ̀rọ ńlá ibẹ̀ náà ń ṣe é.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ LÍTÀ KAN

Gbogbo ẹni tó ní mítà ló mọ yúníìtì. Yúníìtì kan ni iná tí áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 yóò jẹ bí wọ́n bá fi lọ aṣọ fún wákàtí kan gbáko. Agbára tó wà nínú lítà bẹntiróòlù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúníìtì mẹ́sàn-án. Ẹ má gbàgbé: mẹ́sàn-án!

Jẹnẹrétọ̀ tó dára, tí ẹrù tí wọ́n gbé lé e lórí sì tó o, yóò mú bíi méjì jáde nínú mẹ́sàn-án náà. Kékeré aláriwo yẹn, tó bá jẹ́ pé gílóòbù méjì àti fáànù kan ló ń gbé, ó lè má ju ẹyọ kan lọ. Níbo ni ìyókù wọlé sí? Ooru ni. Ooru ló gba sàlẹ́ǹsà jáde, ooru ló ń jó ara ẹ́ńjìnnì, òun ló ń jẹ́ kí ọmọdé tó bá fọwọ́ kàn án figbe ta.

Ó dà bí ìyá tó ra iṣu mẹ́sàn-án lọ́jà, tó se méjì fún ọmọ jẹ, tó da méje sórí ààtàn. Bí aládùúgbò bá rí i, wọ́n á ní nǹkan ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ohun tí gbogbo wọn ń ṣe lálaalẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sì da méje náà nù tán, wọ́n á tún gba ilé eléèédú lọ láti lọ ra ooru mìíràn tí wọn yóò fi sebẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n tí à ń sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: kí iná kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjì. Kí ẹ́ńjìnnì pèsè iná mànàmáná, kí wọ́n sì gba ooru tí ìbá ṣòfò, kí wọ́n fi gbé omi kaná, tàbí kí wọ́n fi gbẹ nǹkan.

ÌYÁ ONÍLỌ̀TA TI MỌ̀ Ọ́N TIPẸ́

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni, kí ó lọ sí ìdí ẹ̀rọ ìlọta lọ́jà. Àwọn ẹ́ńjìnnì Lister àtijọ́ àti irú wọn tó ń lo dísù, tí wọ́n fi ń lọ ata, lọ ògì, tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá, dúró ti dùrọ́ọ̀mù omi kan. Páìpù méjì ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ dùrọ́ọ̀mù náà. Omi tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì, ó ń gba ooru lára irin, ó sì ń gba òkè padà sínú dùrọ́ọ̀mù. Kò sí ẹni tó ń fà á, kò sí ẹni tó ń tì í. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju tútù lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń gòkè fúnra rẹ̀.

Tó bá di ọ̀sán, omi inú dùrọ́ọ̀mù yẹn ti gbóná débi pé ọwọ́ kò gbà á. Ooru tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ lórí dísù nìyẹn, tó wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Omi náà ní ìpẹtà àti òróró nínú, kò ṣeé sè jẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó páìpù kọ́pà wé gọ̀ngọ̀ sínú dùrọ́ọ̀mù náà, tí omi mímọ́ ń gba inú páìpù kọjá, omi mímọ́ náà yóò gbóná, kò sì ní kan ìdọ̀tí. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn òyìnbó fi ń ta ẹ̀rọ olówó ńlá.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É LÓKÈÈRÈ

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1882, nígbà tí Thomas Edison ṣí ilé-iṣẹ́ iná rẹ̀ ní òpópónà Pearl ní New York, kì í ṣe iná nìkan ni ilé-iṣẹ́ náà tà. Wọ́n tún ta ooru tó kù fún àwọn ilé tó wà nítòsí.

Ní ilẹ̀ Denmark, tí òtútù ibẹ̀ lè gan ènìyàn pa, ó lé ní ìdajì ilé tó jẹ́ pé ooru tó ń mú wọn móoru ń gba inú páìpù lábẹ́ ilẹ̀ wá láti ibùdó kan, bí omi ẹ̀rọ ṣe ń wá. Púpọ̀ nínú ooru náà ló jẹ́ àjẹkù ilé-iṣẹ́ iná.

Àwọn ará Japan gbé tiwọn wá sí ẹ̀yìnkùlé. Ní ọdún 2003, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹ̀rọ kan tí Honda ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tó ń lo gáàsì. Iná kílówáàtì kan péré ló ń pèsè, ṣùgbọ́n ooru tó ń mú jáde pẹ̀lú rẹ̀ tó bíi kílówáàtì mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ló sì ń lọ sínú táǹkì omi. Ní ọdún 2009, wọ́n tún gbé irú mìíràn jáde tí kò ní ẹ́ńjìnnì rárá, tí wọ́n ń pè ní Ene-Farm. Kí ló jẹ́ kó bá wọn lára mu? Ará Japan máa ń rì sínú omi gbígbóná wẹ̀ ní alẹ́. Wọ́n nílò ooru náà lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ìbáà jẹ́ ọ̀gìnnìtìn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà dán tiwọn wò. Àjọ Carbon Trust gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sínú ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n wọn ìlò wọn, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Ohun tí wọ́n rí ni pé ilé ńlá àti ibi tí wọ́n ti ń lo ooru fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́ ni èrè rẹ̀ ti hàn. Ní ilé kékeré tó ń lo ooru fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, èrè náà kò tó nǹkan.

Ẹ fi ẹ̀kọ́ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò dá ẹjọ́ ti Ore.

IGBÓ TIWA NÁÀ KÒ GBẸ́YÌN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé aláwọ̀ funfun nìkan ló gbọ́n. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo pupa ńláńlá wà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, bíi Okomu àti Presco. Bí wọ́n bá ti fún epo tán, wọn kì í da ògùṣọ̀ àti èèpo ẹkùrọ́ nù. Inú iná ni wọ́n ń kó o sí láti fi hó omi. Ooru omi tó ń ru yìí yóò yí ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ilé-iṣẹ́. Tó bá yí i tán, kò tíì rẹ̀ ẹ́. Wọ́n á tún darí rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń se ẹyìn. Iná kan, iṣẹ́ méjì, ẹyìn kan náà.

Ilé epo kékeré tí ìyá àti ọmọ ń ṣe ní àgbègbè Odigbo kò lè ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lo ooru omi tó ń ru fi agbára wé bọ́ǹbù bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì dísù tó ń yí ẹ̀rọ ìfúnpo wọn ní omi gbígbóná nínú dùrọ́ọ̀mù, ìyẹn sì lè dín igi tí wọ́n fi ń se ẹyìn kù, tí wọ́n bá ń fi omi tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ dípò omi tútù.

Omotosho wá ńkọ́? Ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ń sun gáàsì, ìdá kan nínú mẹ́ta agbára gáàsì náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ń di iná. Ìyókù ń gba ẹnu ihò èéfín lọ sójú ọ̀run, pẹ̀lú ooru tó lè lé ní ìwọ̀n 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kì í ṣe dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní Okpai, ní ìpínlẹ̀ Delta, ilé-iṣẹ́ iná tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005 ń fi ooru èéfín rẹ̀ hó omi, ó sì ń fi omi náà yí ẹ̀rọ kejì tó tún ń pèsè iná sí i. Nígbà tí ìjọba bá ń sọ pé gáàsì kò tó, ó yẹ kí aráàlú máa béèrè pé, èyí tó wà nílẹ̀ ńkọ́, ṣé a lò ó tán?

ÌṢIRÒ KÌ Í PURỌ́

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ìyá alájàpá. Kí ìṣirò lè rọrùn, ká pe lítà bẹntiróòlù kan ní 1,000 náírà, ká pe kílò gáàsì ìdáná kan ní 1,200. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá yàtọ̀, kí ó fi iye tirẹ̀ sí i.

Jẹnẹrétọ̀ tó dára mú yúníìtì iná méjì jáde nínú lítà kan. Ìyẹn ni pé yúníìtì kan di 500 náírà. Ẹ fi wé iye tí ìjọba kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2024 fún àwọn tí wọ́n kọ sí ìsọ̀rí A, àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná 20 wákàtí lójúmọ́: 225 náírà fún yúníìtì kan. Àwọn èèyàn ké gbàjarè nígbà náà, bẹ́ẹ̀ iná jẹnẹrétọ̀ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ti kékeré aláriwo tó ń mú ẹyọ kan jáde, 1,000 náírà gbáko ni yúníìtì kan.

Bí wẹ́dà tó mọṣẹ́ bá ṣe ohun tí yóò máa gba ooru lára èéfín, a lè rí bíi yúníìtì ooru méjì gbà padà nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Kí ni méjì lè ṣe? Yóò gbé nǹkan bíi lítà 20 omi láti tútù títí dé ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Tàbí kó mú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ìwẹ̀ mẹ́rin lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èló ni wọn ìbá fi ra irú ooru bẹ́ẹ̀? Lórí sítóòfù gáàsì, tí ìdajì ooru rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò lọ, yúníìtì ooru kan tó wọnú omi tó bí 190 náírà. Méjì di 380.

Tí a bá yọ 380 kúrò nínú 1,000, ó ku 620 fún yúníìtì iná méjì, ìyẹn 310 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dín kù dáadáa láti 500, ṣùgbọ́n kò tíì tó 225 ti ìjọba. Nítorí náà, ẹ gbọ́ òtítọ́ ọ̀rọ̀: kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ nítorí àtigbé omi kaná. Ẹni tó ti ń tàn án tẹ́lẹ̀, tí kò ní ọ̀nà mìíràn, ni ọgbọ́n yìí wà fún.

TA LÓ YẸ, TA NI KÒ YẸ?

Ká mú ìyá olóúnjẹ kan lójú títì, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń jẹ lítà mẹ́wàá lójúmọ́. Ooru tí yóò rí gbà tó 20 yúníìtì. Omi tí yóò fi fọ abọ́, omi tí yóò fi ro àmàlà àti ẹ̀bà, omi tí yóò fi se ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ ló nílò ooru, àárín wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ náà ló sì nílò rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ìdajì ooru náà ló rí lò, ó ti yọ 1,900 náírà lójúmọ́. Bí wẹ́dà bá gba 150,000 náírà fún iṣẹ́ àti irin, owó náà yóò padà wọlé láàárín nǹkan bí 80 ọjọ́. Irú ìyá bẹ́ẹ̀, ó yẹ. Ilé ìtura tí àlejò ń wẹ̀ níbẹ̀ yẹ. Ilé ìwòsàn tó ń fọ aṣọ tó sì ń hó omi yẹ.

Ká wá mú ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún, tí jẹnẹrétọ̀ wọn ń jẹ lítà méjì lálẹ́. Omi ìwẹ̀ márùn-ún yóò gba yúníìtì ooru méjì àti díẹ̀, ìyẹn bí 400 náírà. Owó 150,000 yẹn kò ní padà wọlé títí ju ọdún kan lọ. Ìyẹn náà bó bá jẹ́ pé wọ́n ti ń fi gáàsì gbé omi ìwẹ̀ kaná tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ omi tútù ni wọ́n ń wẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe nínú ooru ilẹ̀ wa yìí, èrè kankan kò sí níbẹ̀ rárá. Ohun tí ènìyàn kò rà tẹ́lẹ̀, kò lè sọ pé òun ti rí owó rẹ̀ fi pamọ́.

Ibi tí ará Japan ti jàre wa nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ wọn gbọ́n ju tiwa lọ. Ìwẹ̀ wọn ló bá ẹ̀rọ náà mu.

ILÉ OLÓYÀRÁ MẸ́WÀÁ

Ẹjọ́ mìíràn ni ti ilé olóyàrá mẹ́wàá tí gbogbo ayálégbé dojú kọra wọn. Bí olúkúlùkù bá ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tirẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ lítà méjì lálẹ́, lítà 20 ni wọ́n ń sun láti rí bíi 20 yúníìtì. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kan tó tóbi tó ni wọ́n dáwó rà, lítà 10 yóò pèsè iye yúníìtì kan náà. Lítà 10 ti jáde lálẹ́ ọjọ́ kan, 10,000 náírà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ omi gbígbóná rárá. Ariwo mẹ́wàá á di ẹyọ kan, èéfín mẹ́wàá á di ẹyọ kan. Nígbà náà, ooru rẹ̀ á tún tó láti gbé omi ìwẹ̀ kaná fún aláboyún, fún arúgbó àti fún ọmọ tuntun inú ilé.

Ìṣòro rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Ti ọmọ aráyé ni. Ẹni tó ní fíríìsà á fẹ́ san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní gílóòbù kan. Ẹnì kan á ní òun kò sí nílé lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń gba owó á ní ó kù síbì kan. Ìdí nìyẹn tí mítà kékeré fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù san iye tó jẹ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ tú ká.

OORU LÈ DI ÒTÚTÙ

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń ya àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu. Àwọn àgbà tó mọ fìríìjì oníkẹrosíìnì kò ní jiyàn. Iná àtùpà kan ló ń jó nísàlẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ yìnyín ń dì lókè. Kò sí wáyà, kò sí ẹ̀rọ tó ń yí. Ooru ló ń lé omi oògùn kan káàkiri inú páìpù, tí òtútù fi ń jáde. Ọgbọ́n yẹn náà ni wọ́n fi ń sọ ooru ẹ́ńjìnnì di òtútù ní àwọn ilé ńlá lókèèrè. Ní ilẹ̀ tó gbóná bíi tiwa, tí ìyá ẹlẹ́ja nílò òtútù ju omi gbígbóná lọ, ọ̀nà tó bá wa mu jù nìyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì wọ́n, ilé ìtura ńlá tàbí ilé-iṣẹ́ nìkan ló lè gbìyànjú rẹ̀.

IKÚ TÓ WÀ NÍNÚ ÈÉFÍN

Kí ẹnikẹ́ni tó sáré lọ pe wẹ́dà, ẹ dúró gbọ́ èyí, nítorí ẹ̀mí ju owó lọ.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ń gba ààyè afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, èébì á máa gbéni, oorun á máa kunni. Ẹni tó bá sùn lọ nínú rẹ̀ lè má jí mọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni wọ́n ti bá nílẹ̀ láàárọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí nítorí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ́rídọ̀ tàbí sínú ilé ìdáná nítorí olè àti òjò.

Nítorí náà, omi ni kó rin ìrìn àjò wá bá ilé. Kí ẹ́ńjìnnì má ṣe rìn wá bá omi. Kí jẹnẹrétọ̀ wà níta gbangba, jìnnà sí fèrèsé, kí páìpù gbé omi gbígbóná wọlé.

Èkejì, ẹ má ṣe darí èéfín fúnra rẹ̀ sórí ohun jíjẹ. Bó ti wù kí òjò pọ̀ tó nígbà ìkórè kòkó ní Odigbo, kòkó tí èéfín bá kàn, òórùn rẹ̀ kì í lọ mọ́, ẹni tó ń rà á yóò sì dá a padà tàbí kó bu owó rẹ̀ kù. Ooru gbọ́dọ̀ gba ara irin kọjá sínú afẹ́fẹ́ mímọ́, kí afẹ́fẹ́ mímọ́ náà sì gbẹ kòkó.

Ẹ̀kẹta, táǹkì omi gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń mí. Táǹkì tí wọ́n dé pa, tí wọ́n ń gbé iná sí nídìí, bọ́ǹbù ni.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe fún sàlẹ́ǹsà lọ́rùn. Bí ọ̀nà èéfín bá ti há jù, ẹ́ńjìnnì kò ní lè mí, yóò máa jẹ epo sí i, owó tí wọ́n ń wá yóò sì tún bá ibòmíràn lọ. Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì dísù olómi kò tilẹ̀ nílò láti fọwọ́ kan sàlẹ́ǹsà. Omi rédíétọ̀ rẹ̀ nìkan ti gbóná tó. Kékeré aláriwo ńkọ́? Epo tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì ló ń jó, èérí rẹ̀ yóò dí gbogbo páìpù láìpẹ́ ọjọ́. Ẹ fi tìyẹn sílẹ̀.

KÍ LÓ KÙ?

Sólà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní agbára láti ra sólà àti bátìrì, kó rà á, kò nílò ẹ̀kọ́ ooru jẹnẹrétọ̀. Kódà, dùrọ́ọ̀mù tí wọ́n kùn ní dúdú tí wọ́n gbé sórí òrùlé ń gba ooru lọ́wọ́ oòrùn lọ́fẹ̀ẹ́, ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún ìṣáájú yẹn yóò sì rí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ níbẹ̀ láìná 150,000.

Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kò ní àwáwí mọ́. Òfin iná mànàmáná tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti máa darí ọ̀rọ̀ iná láàárín ilẹ̀ wọn, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí gba àṣẹ náà ní ọdún 2024. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n ń sun dànù ní àwọn ilé ìlagi Ore, iná àti ooru ni. Ẹni tó bá ní àṣẹ lọ́wọ́, tó bá sì ní ojú, yóò rí i.

Ṣùgbọ́n títí ìjọba yóò fi ríran, ìyá olóúnjẹ kò gbọ́dọ̀ máa ra ooru lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lọ síbi jẹnẹrétọ̀ yín lónìí. Ẹ wo iye lítà tó ń jẹ, ẹ wo iye omi tí ẹ ń gbé kaná láàárín wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́. Bí méjèèjì bá pọ̀, ẹ pe wẹ́dà àti mẹkáníìkì tó mọṣẹ́, kí wọ́n jókòó pọ̀. Bí ọ̀kan bá kéré, ẹ fi owó yín sápò.

Ẹni tó bá ti dán irú ẹ̀ wò ní Ore, ní Odigbo tàbí níbikíbi, ìbáà yọrí sí rere, ìbáà fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà ìwé ìròyìn yìí, kí àwọn mìíràn lè rí i kọ́gbọ́n. Ìjà Ore le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra iṣu mẹ́sàn-án, ó yẹ kó jẹ ju méjì lọ.